Ọ̀rọ̀-Ìṣe 'Eclose' Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Bí A Ṣe Lè Sọ Ohun Tí Ó Dúró Fún ní Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Ohun tí ó bí iṣẹ́ yìí kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ. Wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan láti túmọ̀ sí Yorùbá fún àwọn ará àdúgbò wa ní Egan, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọṣọ, ìpínlẹ̀ Èkó. Ìwé náà dá lórí bí a ṣe lè dín ẹ̀fọn kù nínú ilé. Gbólóhùn tí ó jẹ́ òpómúléró rẹ̀ nìyí:

(1) Empty the drum before the mosquitoes eclose.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbẹ̀yìn gbólóhùn yìí ṣàjèjì sí mi. Mo wò ó nínú ìwé atúmọ̀-èdè, mo rí i pé ó jẹ mọ́ jíjáde kòkòrò, mo sì túmọ̀ gbólóhùn náà báyìí:

(2) Ẹ da omi inú dúrọ́ọ̀mù nù kí ẹ̀fọn tó pa.

Èrò mi ni pé bí adìẹ ti ń pa ọmọ ni ẹ̀fọn náà ń pa. Ìyá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ni mo kọ́kọ́ kà á sí létí. Nígbà tí ó gbọ́ ọ tán, ó ní, 'Ọmọ mi, ẹ̀fọn ti ń pa wá tipẹ́tipẹ́. Ta ni ó tún kù tí ó fẹ́ pa?' A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán. Ó fi hàn pé mo ti lo ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ méjì. Ohun tí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ ti adìẹ ni ìyá náà mú, kò níí mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó da omi rẹ̀ nù.

Ète iṣẹ́ yìí pín sí mẹ́ta. Èkíní ni láti ṣàlàyé ìṣẹ̀lẹ̀ tí 'eclose' dúró fún. Èkejì ni láti fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí padà àti bí a ṣe ń lò ó hàn fún ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó lè gbé ẹrù náà láìjẹ́ pé ó dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé, kì í ṣe àsìkò tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi sí ara ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ni ìṣòro wa tí ó tóbi jù; ìṣòro náà ni mímọ èwo nínú ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń tọ́ka sí.

2.0 Ohun Tí 'Eclose' Dúró Fún

2.1 Ipò mẹ́rin inú ìgbésí-ayé kòkòrò

Ẹ̀fọn, eṣinṣin, oyin àti labalábá jẹ́ àpẹẹrẹ kòkòrò tí ó máa ń la ipò mẹ́rin kọjá. Ẹyin ni ipò kìn-ín-ní. Ìdin ni ipò kejì. Ìdin ti ẹ̀fọn, tí ó máa ń yí bírí-bírí nínú omi, ni Yorùbá ń pè ní tànwíjí. Ipò kẹta ni èyí tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè ní 'pupa'. Ipò kẹrin ni kòkòrò tí ó ti dàgbà, tí ó sì ń fò.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ ipò kẹta yìí. A kò lè gba sípẹ́lì rẹ̀ wọlé bí ó ti wà, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i nínú ìwé Yorùbá yóò kà á sí àwọ̀ bíi ti epo. Nítorí náà, 'píúpà' ni a ó máa kọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ń lò ó.

Ìyípadà kọ̀ọ̀kan láàrin ipò wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì:

(3) a. 'hatch': ìdin jáde láti inú ẹyin.
b. 'moult': ìdin bọ́ awọ àtijọ́ kí ó lè tóbi sí i. Tànwíjí máa ń ṣe èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.
d. 'pupate': ìdin di píúpà.
e. 'eclose': kòkòrò àgbà jáde láti inú awọ píúpà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ (3e) ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa fẹ ìlò rẹ̀ lójú débi tí yóò fi kan (3a), tí wọ́n á sì lò ó fún jíjáde ìdin láti inú ẹyin. Àwọn mìíràn tún ń lò ó fún àwọn kòkòrò tí kò ní ipò píúpà rárá, bí aáyán àti tata, nígbà tí wọ́n bá bọ́ awọ ìkẹyìn tí wọ́n sì di àgbà. Nínú iṣẹ́ yìí, (3e) nìkan ni a ó fi mọ.

2.2 Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lára ẹ̀fọn

Kí ó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán, mo bu omi tí tànwíjí wà nínú rẹ̀ láti inú dúrọ́ọ̀mù kan ní ẹ̀yìnkùlé wa sínú ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, mo sì fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀. Tànwíjí a máa jẹun láìsinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di píúpà, ara rẹ̀ a ká kò bí àmì kọ́mà, apá iwájú rẹ̀ a tóbi, kì í sì í jẹ ohunkóhun mọ́. Síbẹ̀ kò sùn: bí òjìji ènìyàn bá ti bò ó, yóò sá lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Ihò méjì tí ó dà bí ìwo kékeré ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó fi ń mí ní ojú omi.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì, ó dúró jẹ́ẹ́ ní ojú omi. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ là, ẹ̀fọn sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ara rẹ̀ yọ, orí àti àyà ni ó ṣáájú, ẹsẹ̀ gígùn-gígùn sì tẹ̀lé e. Lórí awọ òfìfo yẹn ni ó dúró lé bí ẹni tí ó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, títí ìyẹ́ rẹ̀ fi nà tí ó sì le. Bí omi bá rú ní àkókò yìí, ó lè ṣubú kí ó sì kú sínú omi tí ó ti ń gbé láti ìgbà tí ó ti wà. Ìgbà tí ó bá fò lọ tán, awọ nìkan ni yóò kù tí yóò máa léfòó.

Gbogbo ohun tí mo ṣàpèjúwe nínú ìpínrọ̀ òkè yìí, láti ìgbà tí awọ là títí di ìgbà tí kòkòrò bọ́ sí ìta awọ náà, ni Gẹ̀ẹ́sì kó sínú ọ̀rọ̀ kan: 'eclose'.

2.3 Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi nílò ọ̀rọ̀ náà

Ènìyàn lè béèrè pé kí ni ó dé tí wọn kò fi lo 'come out' kí ó sì tán síbẹ̀. Ìdáhùn ni pé kòkòrò a máa jáde níbi púpọ̀: ó lè jáde nínú ihò, nínú igi, nínú èso. Ẹni tí ó ń ka wákàtí tí kòkòrò fi ń di àgbà nílò ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ mìíràn.

Àpẹẹrẹ pàtàkì kan wà. Ní 1971, Ronald Konopka àti Seymour Benzer, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí eṣinṣin kékeré tí a ń pè ní Drosophila, irú èyí tí Yorùbá mọ̀ sí kantíkantí, tí ó máa ń ṣù bo èso tí ó ti rà. Ní ìgbà tí ojú ọjọ́ bá ń là ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eṣinṣin wọ̀nyí máa ń jáde láti inú awọ píúpà. Àwọn olùwádìí méjèèjì rí àwọn tí aago inú ara wọn ti yàtọ̀: ti àwọn kan ń yípo ní wákàtí 19 dípò 24, ti àwọn kan ní wákàtí 28, àwọn kan kò sì ní àkókò kankan. Ìmọ̀ tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó so èso ní 2017, nígbà tí Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel lórí bí aago inú ara ohun abẹ̀mí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá yọ 'eclose' àti ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ 'eclosion' kúrò nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò níí sí ohun tí wọ́n fẹ́ kà.

3.0 Orísun àti Ìpè

Èdè Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá 'eclosion'. Ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé náà ni 'éclore', tí wọ́n ń lò fún ẹyin tí ó pa àti òdòdó tí ó là. Gbòǹgbò rẹ̀ nínú èdè Látìn ni 'claudere', tí ó túmọ̀ sí 'tì' tàbí 'pa dé', pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'ex', tí ó túmọ̀ sí 'síta'. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrò tí wọ́n sì fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe mú 'televise' jáde láti ara 'television'.

Gbòǹgbò kan náà ni ó bí 'enclose', tí ó túmọ̀ sí kí a sé nǹkan mọ́. Lẹ́tà kan péré ni ó wà láàrin méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn takora: ọ̀kan ń sé mọ́, èkejì ń bọ́ síta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 'The mosquito was enclosed' ti ti ẹ̀fọn mọ́lé nígbà tí ó fẹ́ sọ pé ó ti jáde.

Ní ti ìpè, ìró tí ó parí 'eclose' ni èyí tí a ń gbọ́ ní ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe 'close', kì í ṣe ìró 's'. Yorùbá kò ní ìró náà, nítorí ìdí èyí ni a ṣe máa ń fi 's' rọ́pò rẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀-orúkọ 'eclosion', bí a ti ń pe ìparí 'explosion' ni a ń pe ìparí tirẹ̀.

4.0 Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Ń Yí Padà

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tẹ̀lé ìlànà ni 'eclose'. Kò ní àrà kankan bí 'go' tàbí 'bring'. Ìrísí mẹ́rin ni ó ní:

(4) a. eclose: ìrísí ìpìlẹ̀
b. ecloses: olùwà ẹni kẹta ẹyọ
d. eclosed: ohun tí ó ti kọjá àti ibá aṣetán
e. eclosing: ibá atẹ́rẹrẹ

Ohun mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Nínú (4b), ìró tí ó parí ọ̀rọ̀ náà mú kí sílébù kan kún un nígbà tí a bá pè é. Nínú (4d), kò sí sílébù tí ó kún un. Nínú (4e), a gbọ́dọ̀ yọ 'e' ìparí kúrò kí a tó fi àfòmọ́ ẹ̀yìn kún un.

Yorùbá kì í ṣe irú ìyípadà báyìí. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe wa ti rí nígbà tí olùwà jẹ́ ẹyọ ni ó rí nígbà tí olùwà jẹ́ ọ̀pọ̀. Bí ó ti rí lánàá ni yóò rí lọ́la. Àwọn atọ́ka tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ti kọ̀wé púpọ̀ lórí àwọn atọ́ka yìí, a kò sì ní í tún un sọ níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a kàn gbé èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'yọ' ni a ó lò ní Yorùbá. Ìdí tí a fi yàn án yóò hàn ní abala 6.0.

(5) a. Mosquitoes eclose from pupae. / Inú awọ píúpà ni ẹ̀fọn ti máa ń yọ.
b. The mosquito eclosed yesterday. / Ẹ̀fọn náà yọ lánàá.
d. The mosquito is eclosing. / Ẹ̀fọn náà ń yọ lọ́wọ́.
e. The mosquito has eclosed. / Ẹ̀fọn náà ti yọ.
ẹ. The mosquito will eclose tomorrow. / Ẹ̀fọn náà yóò yọ lọ́la.
f. The mosquito has not eclosed. / Ẹ̀fọn náà kò tíì yọ.
g. The mosquito will not eclose. / Ẹ̀fọn náà kò níí yọ.

Ẹ kíyè sí i pé 'yọ' kò yí padà nínú gbogbo gbólóhùn méjèèje. 'Máa ń' ni ó mú ibá bárakú wá nínú (5a), 'ń' ni ó mú ibá atẹ́rẹrẹ wá nínú (5d), 'ti' ni ó sì mú ibá aṣetán wá nínú (5e). Nínú (5b), kò sí atọ́ka kankan. 'Lánàá' ni ó là á yé wa. Ìdí nìyí tí àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fi máa ń pọ̀ jù lórí (5b): ó ń wá ohun tí yóò fi rọ́pò òfìfo, ó sì lè kọ 'The mosquito eclose yesterday' láìfura.

5.0 Ìlò Rẹ̀ Nínú Gbólóhùn

5.1 Kì í gba àbọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe aláìgbàbọ̀ ni 'eclose'. Kòkòrò àgbà ni olùwà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń 'eclose' kòkòrò. Nítorí náà àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kò tọ̀nà:

(6) a. *The pupa eclosed a mosquito.
b. *The mosquito was eclosed on Friday.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ni ó ń tì wá sínú àṣìṣe (6a). 'Yọ' lè gba àbọ̀, ó sì lè ṣàìgbà á. A lè sọ pé 'Eyín ọmọ náà yọ', a sì lè sọ pé 'Ọmọ náà yọ eyín'. Ẹni tí ó bá gbé ìlò kejì yìí wọ Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ (6a). Bákan náà ni 'hatch' ń ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì: a lè sọ pé ẹyin ni ó 'hatch', a sì lè sọ pé adìẹ ni ó 'hatch' ọmọ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n 'eclose' kò bá wọn pín nínú òmìnira náà.

Ní ti (6b), mo gbà pé 'was born' ni ó fà á. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti kọ́ wa pé 'Wọ́n bí mi' ni 'I was born'. Ó wá dà bí ẹni pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé gbọ́dọ̀ ní 'was' níwájú. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn ní ẹni tí ó bí i; ẹ̀fọn kò ní ẹni tí ó fà á yọ nínú awọ rẹ̀. Òun ni ó fa ara rẹ̀ yọ.

5.2 'Newly eclosed'

Ohun kan wà tí ó lè da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú lẹ́yìn tí ó bá ti gba òfin òkè yìí gbọ́. Àwọn onímọ̀ kòkòrò a máa kọ 'newly eclosed mosquitoes' ní gbogbo ìgbà. Ṣé èyí kò fi hàn pé ẹnìkan ni ó yọ wọ́n? Rárá. Bí 'fallen' ti rí nínú 'a fallen leaf' ni 'eclosed' ṣe rí níhìn-ín. Ewé náà ni ó wọ̀, kò sí ẹni tí ó já a. Yorùbá kò fi ààyè sílẹ̀ fún irú àṣìṣe yìí, nítorí pé awẹ́-gbólóhùn ni a máa ń fi yán ọ̀rọ̀-orúkọ: 'ẹ̀fọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ'. Olùwà rẹ̀ hàn gbangba, 'ó' ni.

5.3 Lẹ́yìn 'before' àti 'when'

Lẹ́yìn 'before' tàbí 'when', Gẹ̀ẹ́sì kì í lo 'will', bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tilẹ̀ wà ní iwájú:

(7) a. Empty the drum before the mosquitoes eclose.
b. *Empty the drum before the mosquitoes will eclose.

Níhìn-ín, ọ̀nà àwọn èdè méjèèjì pàdé. 'Kí ẹ̀fọn tó yọ' ni Yorùbá, kì í ṣe 'kí ẹ̀fọn tó yóò yọ'. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rántí 'kí … tó' kò níí ṣìnà nínú (7).

6.0 Wíwá Ọ̀rọ̀ Yorùbá Tí Ó Bá A Mu

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó ń bá ara wọn du ipò yìí.

'Pa'. Ẹyin ni 'pa' bá lọ. 'Adìẹ náà ti pa' túmọ̀ sí pé ẹyin rẹ̀ ti di òròmọdìẹ. Bí a bá lò ó fún ẹ̀fọn, (3a) ni a ti sọ, kì í ṣe (3e). Yàtọ̀ sí èyí, ohùn kan náà ni ó wà lórí 'pa' tí ó jẹ mọ́ ẹyin àti 'pa' tí ó jẹ mọ́ ikú, gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ìyá inú abala 1.0 ti fi yé wa.

'Bọ́'. Ejò a máa bọ́ awọ, tànwíjí náà a sì máa bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ ohun tí a ń wá, nítorí awọ ni ẹ̀fọn fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tànwíjí tí ó bọ́ awọ ṣì jẹ́ tànwíjí. Ó yẹ kí a fi 'bọ́ awọ' sílẹ̀ fún (3b).

'Paradà'. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n gbogbo ìrìn-àjò náà láti ẹyin dé orí ìyẹ́ ni ó kó pọ̀. Ó tún ní òórùn ìtàn àwọn ẹranko tí ó ń di ènìyàn lọ́jọ́ ọjà.

'Yọ'. Oòrùn a máa yọ. Eyín a máa yọ. Nínú méjèèjì, ohun tí ó ti wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú kò rí ni ó hàn síta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọn ti wà nínú awọ píúpà kí awọ náà tó là. 'Yọ' kò dárúkọ ẹyin, kò sì dárúkọ ikú. Nígbà tí ó bá yẹ kí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere sí i, a lè sọ pé 'yọ jáde nínú awọ'.

Nítorí náà ìmọ̀ràn wa ni pé kí a pín iṣẹ́ náà báyìí:

(8) a. hatch: ẹyin pa
b. moult: bọ́ awọ
d. pupate: di píúpà
e. eclose: yọ, tàbí yọ jáde nínú awọ

A gbọ́dọ̀ kì ọ̀kan nílọ̀. 'Yọ' tí kò ní àmì ohùn lórí yàtọ̀ sí 'yọ̀', tí ó jẹ mọ́ ìdùnnú, bẹ́ẹ̀ ni 'ẹ̀fọn' yàtọ̀ sí 'ẹfọ̀n' tí àwọn ọdẹ ń dọdẹ rẹ̀ nínú igbó. Ìwé pélébé tí kò bá ní àmì ohùn lè mú kí ẹni tí ó ń kà á máa rò pé ẹranko oníwo kan ni ó ń dunnú ní ẹ̀yìnkùlé òun.

7.0 Ohun Tí Ó Rọ̀ Mọ́ Ọ̀rọ̀ Yìí

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1897 ni Ronald Ross, ní ilẹ̀ Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ara ẹ̀fọn. Láàrin 1899 àti 1904, William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, ni gómìnà Èkó. Ó mú kí wọ́n máa fa omi inú àbàtà kúrò ní ìlú, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi pe ipa-odò tí wọ́n gbẹ́ láàrin Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Lẹ́yìn náà ni àwọn wolé-wolé dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ó ń wọlé lọ yẹ àmù wò. Ẹni tí wọ́n bá bá tànwíjí nínú àmù rẹ̀ lè fojú ba ilé-ẹjọ́. Ẹ kíyè sí i pé tànwíjí ni ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ẹ̀fọn. Òfin náà ti mọ ohun tí (3e) túmọ̀ sí: ó fẹ́ mú ẹ̀fọn kí ó tó yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n bu owó ìtanràn fún kò mọ ìdí rẹ̀.

Èdè wa ní ọwọ́ nínú àìmọ̀ yẹn. 'Òròmọdìẹ' ní 'adìẹ' nínú, nítorí náà ọmọdé mọ̀ pé adìẹ ni yóò dà. Ṣùgbọ́n 'tànwíjí' kò ní 'ẹ̀fọn' nínú. Orúkọ méjèèjì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé ẹ̀dá méjì ni wọ́n, ọ̀kan ti inú omi, èkejì ti inú afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó kù tí ó lè so wọ́n pọ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá sọnù nínú ìtumọ̀, okùn náà já nìyẹn.

Ní Egan, ọ̀rọ̀ náà kan àpò. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ra omi tàbí tí ó ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn ọ́n láti ibi kànga ẹ̀rọ, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ da omi tí ó fi owó rà nù lójoojúmọ́ nítorí ìwé pélébé. Bí a kò bá lè sọ ìgbà tí ewu dé gan-an, yóò gbọ́ ìkìlọ̀ wa, yóò sì fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a lè sọ ọ́. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni ó wà láàrin ìgbà tí ẹ̀fọn yé ẹyin àti ìgbà tí ẹ̀fọn tuntun yọ. Ẹni tí ó bá lo omi inú dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ tán, tí ó sì fọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀, ti ṣáájú 'eclose'. Fífọ náà ṣe pàtàkì, nítorí ẹyin ẹ̀fọn Aedes, tí ó fẹ́ràn dúrọ́ọ̀mù, agolo àti táyà àlòkù, máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun tí omi wà nínú rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìsí omi. Ẹ̀fọn yìí ni ó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri. Anopheles, tí ó ń gbé ibà lásán kiri, fẹ́ràn omi òjò tí ó dá sí ipa táyà ọkọ̀ àti kòtò tí oòrùn ń ràn sí; omi gọ́tà tí ó dọ̀tí ni ti Culex. Ibikíbi tí wọn ìbáà yé sí, ọ̀nà ojú omi kan náà ni gbogbo wọn ń gbà yọ.

Mo tún gbólóhùn (2) kọ:

(9) Ẹ da omi inú dúrọ́ọ̀mù nù, kí ẹ sì fọ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí tànwíjí tó di ẹ̀fọn kí ó sì yọ jáde.

Mo padà lọ kà á fún ìyá náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, 'Ṣé tànwíjí yìí náà ni ẹ̀fọn?' Mo ní, 'Òun náà ni, mà.' Ó tún béèrè pé, 'Ọjọ́ mélòó ni ó ń lò kí ó tó yọ?' N kò kọ́ ọ ní 'yọ'. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi lò ó, ibi tí ó sì yẹ ni ó ti lò ó.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé 'eclose' jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tẹ̀lé ìlànà nínú ìrísí, tí kì í gba àbọ̀, tí olùwà rẹ̀ sì jẹ́ kòkòrò àgbà fúnra rẹ̀. A tún ti fi hàn pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi àfòmọ́ ẹ̀yìn ṣe ni Yorùbá ń fi 'ń', 'ti', 'máa ń' àti 'yóò' ṣe, àti pé ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro láti kọ́. Ibi tí ó ti ṣòro ni yíyan ọ̀rọ̀-ìṣe. 'Pa', 'bọ́ awọ', 'di' àti 'yọ' ti wà nínú èdè wa kí a tó bí wa. Ohun tí ó kù fún àwa tí a ń túmọ̀ ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí ọ̀kan gba iṣẹ́ èkejì ṣe. Ìbéèrè ìyá náà nípa iye ọjọ́ fi hàn pé ẹni tí ó bá gbọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà yé ni ó lè béèrè ìgbà rẹ̀, ìgbà náà sì ni gbogbo ohun tí ìwé pélébé wa fẹ́ sọ.